Àkọ́rí 153: agbe ni, àbí àlùkò?

OlójúẸyẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, ọkàn mi ò tíì wálẹ̀.

Kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa lè bá wa lọ: àkọ́rí là ń pe ẹyẹ tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, tó sì kọ sínú ìwé. Lifer ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ìwé tèmi ti dúró gbagidi sórí 152 láti oṣù Kẹwàá. Mo jí, mo gbé awò kọ́rùn, mo yí gbogbo Gàá Àkàǹbí n'Ílọrin po, lékèélékèé àti ẹ̀gà náà ni, àti kannakánná tó máa ń jí ọṣẹ ìyá mi gbé lẹ́bàá kànga.

Lánàá ni mo bá àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ sí Òwu, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta lápá Òwá Kájọlà. Gbogbo wọn kó sábẹ́ omi, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi rìn lọ sísàlẹ̀ odò, níbi tí orí igi ti pàdé ara wọn, mo jókòó ti igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó so jìngbìnnì. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn kan, kúrú-kúrú-kúrú, bí ẹni ń fi omi fọ ọ̀fun. Òmíràn dá a lóhùn lódìkejì odò. Mo gbójú sókè. Ẹyẹ kan ń sáré lórí ẹ̀ka. Kò fò o, sísáré ni, bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ ń dán, ó dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu rẹ̀ nípọn, ó pọ́n. Iwájú orí rẹ̀ yẹ́lò. Àtàrí rẹ̀ pupa. Ìlà funfun kan gba ẹ̀yìn ojú rẹ̀ kọjá.

Ibi tí mo ti ń wá fóònù nínú báàgì ló ti fò. Ẹ̀yin èèyàn mi! Bó ṣe na apá báyìí, pupa fòò ni ìyẹ́ rẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi osùn kùn ún. Mo pariwo. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rò pé ejò ló bù mí jẹ, ààrẹ wa gbé igi sáré dé.

Nínú ìwé, Violet Turaco ni. 153! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ orúkọ tiwa sí i, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn. Nígbà tí ẹyẹ yìí bà, aláró ni. Nígbà tó fò, olósùn ni. Èwo ni kí n kọ?

Alfa_Sóbì

Kú oríire, àbúrò. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí Òwu yẹn, ọ̀bọ tó jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi gbé nìkan ni mo rí. Fọ́tò dà?

OlójúẸyẹ

Fọ́tò wà, Alfa. Ewé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìrù rẹ̀ ń yọ lápá ọ̀tún lókè, bí ẹ bá fà á tóbi ẹ ó rí i.

Alfa_Sóbì

Mo fà á tóbi. Ewé tó tóbi ni mo rí.

Ọmọ_Tanke

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Zoology ni mò ń kà ní Unilorin, ẹ jẹ́ kí owó iléèwé tí bàbá mi ń san ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbí. Pupa tí ẹ rí yẹn, bàbà ló wà nínú rẹ̀, irú bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná gan-an. Turacin ni wọ́n ń pe èròjà náà, ìdílé ẹyẹ yìí nìkan ló sì ní in. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí a rí tó dà bí aró, kò sí aró kankan nínú ìyẹ́ wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta lára ìyẹ́ ló ń tan ojú wa. Ṣùgbọ́n pupa tiyín yẹn, àwọ̀ gidi ni, ó wà nínú ìyẹ́ bí osùn ṣe ń wà lára aṣọ.

Ní ti orúkọ, àlùkò ni mo fara mọ́. Ẹyẹ kan wà nínú ìdílé kan náà, Great Blue Turaco, tó ń gbé inú igbó kìjikìji lápá ìsàlẹ̀. Ó tóbi ju tiyín lọ dáadáa: láti ẹnu dé ìrù, ó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75, tiyín ò ju 50 lọ. Bó sì fò, ẹ ò ní rí pupa yẹn nínú ìyẹ́ rẹ̀. Aró láìsí osùn, agbe nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí la ń pe àwọ̀ tó wà láàárín aró àti osùn? Elésèé àlùkò! Èdè wa fúnra rẹ̀ ti dájọ́.

Bàbá_Ìgbómìnà

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, bó bá ṣì í kọ, òun ni kí ẹ bá wí.

Mo ti ṣe àgbẹ̀ lápá Òmù-Àrán fún ohun tó lé ní 50 ọdún. Àwa ò ní ìwé ẹyẹ, ojú àti etí la ní. Ẹyẹ tí ọmọ yìí ṣàpèjúwe, agbe ni bàbá mi ń pè é. Ọmọ Tanke, o mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹyẹ ńlá tí o sọ yẹn, inú igbó kìjikìji ló ń gbé, ìwọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí lọ́dọ̀ wa. Ṣé ẹyẹ tí a ò rí rí la máa wá gbé orúkọ tó dára jù fún, tí èyí tó ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ lójú wa lójoojúmọ́ á máa wò wá? Ó lè jẹ́ pé lápá Ìjẹ̀bú, ti ńlá yẹn ni agbe. Ẹni tó wà níbì kan ló ń sọ ẹyẹ ibẹ̀ lórúkọ.

Ẹ má fi tipátipá so orúkọ kan mọ́ ẹyẹ kan. Àṣá mélòó ló wà nínú ìwé yín? Àwa ń pe gbogbo wọn ní àṣá, adìyẹ sì mọ ohun tí à ń sọ.

Ọmọ_Tanke

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà.

OlójúẸyẹ

Mo ti kọ méjèèjì, mo fa ìlà sáàárín wọn. Agbe nígbà tó bà, àlùkò nígbà tó fò. Ìwé tèmi ṣáà ni.

Ìyẹ̀rú_Ọ̀kín

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń pín orúkọ, ẹ bá mi dá sí tèmi. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kì wá. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún mi pé ọ̀kín ni ẹyẹ tó ń na ìrù bí abẹ̀bẹ̀ ńlá nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì. Òun ni mo fi ṣe nọ́ńbà 1 nínú ìwé mi, mo tún fi bírò pupa kọ ọ́.

Ọdún tó kọjá ni mo wá kà pé ilẹ̀ Íńdíà àti Siri Láńkà nilé ẹyẹ yẹn, pé ẹyọ kan tó jẹ́ ti Áfíríkà nínú ẹbí rẹ̀, inú igbó Kóńgò nìkan ló wà. Kò sí èyí tó fi ìyẹ́ ara rẹ̀ fò dé Ọ̀fà rí. Kí wá ni àwọn baba ńlá wa rí tí wọ́n fi ń kì wá?

Lóṣù tó kọjá, mo jókòó sábẹ́ máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa, mo ń jẹ gúgúrú. Ẹyẹ kékeré kan bà sókè mi. Orí rẹ̀ dúdú, ó ní ògbe díẹ̀ lórí. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà oko. Ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó ń fì í lẹ́lẹ́ bí ọ̀já. Ó já kòkòrò kan gbà nínú afẹ́fẹ́, ó tún padà sí àyè rẹ̀, ìrù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé e bọ̀. African Paradise Flycatcher, akọ rẹ̀. Nọ́ńbà 61. Gúgúrú dà nù. Mo ní, ọ̀kín rèé! Ọba ẹyẹ rèé! Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ fún mi pé mo ṣìnà.

Alábòójútó

Kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà lórí ọ̀kín, ọ̀rọ̀ Ọ̀fà ju agbára wa lọ. Nọ́ńbà 1 rẹ ló ní láti kúrò. Lọ́dọ̀ American Birding Association, ẹgbẹ́ àwọn awẹyẹ Amẹ́ríkà, la ti yá òfin tí à ń tẹ̀ lé níbí: ẹyẹ gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó jẹ́ ẹyẹ ìgbẹ́, kó má sì sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀. Ti òtẹ́ẹ̀lì ò wọlé, ti inú àgò ò wọlé. Bí o bá gbọ́ ohùn ẹyẹ láìrí i, òfin wọn gba ìyẹn láyè.

Ìyẹ̀rú_Ọ̀kín

Mo jí láàárọ̀ yìí pẹ̀lú 64, mo ti di 63. Ẹ ṣeun.

Alfa_Sóbì

Èmi ò gba ti gbígbọ́ yẹn. Òwìwí ti ń ké lẹ́yìn mọ́sálásí wa láti ọdún mẹ́ta, mo mọ ohùn rẹ̀ ju ti àna mi lọ, mi ò tíì kọ ọ́. Àkọ́rí la pè é, a ò pè é ní àkọ́gbọ́.

Aṣọ́dò_Àgbá

Alfa sọ ọ́ dáadáa. Ojú ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú náà máa ń purọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Lóṣù Kejì, à ń ti Ìgbàjà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, táyà ọkọ̀ wa jò. Dírẹ́bà ń pààrọ̀ táyà, mo dúró sétí ọ̀nà. Oòrùn ti wọ̀, ojú ọ̀run ṣì pọ́n díẹ̀ lápá kan. Mo rí ẹyẹ kan lórí pápá tí wọ́n ti dáná sun, ẹyẹ kékeré méjì ń lé e kiri, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bó bá yí, wọ́n á yí. Bó bá rẹlẹ̀, wọ́n á rẹlẹ̀. Mo ní irú ìyà wo ni wọ́n fi ń jẹ ẹni ẹlẹ́ni lálẹ́ yìí? Àfi bó ṣe kọrí sọ́dọ̀ wa, tó gba orí ọkọ̀ kọjá. Kò sí ẹyẹ kankan tó ń lé e. Ìyẹ́ ara rẹ̀ ni!

Ìyẹ́ kan yọ gùn jáde ní apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá lásán ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò hu nǹkan kan, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló fẹ̀ bí àsíá. Standard-winged Nightjar, akọ rẹ̀, lásìkò tó ń wá aya. Ara ẹyẹ náà látòkèdélẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 23 lọ, ìyẹ́ kan ṣoṣo yẹn sì lè gùn tó 38. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó rán agbádá tí apá rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ nítorí àtifẹ́yàwó.

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún dírẹ́bà pé kòkòrò ló ń jẹ, pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn sí lọ́sàn-án, pé kò mọ ohunkóhun nípa àjẹ́. Ó ní kí n wọlé sínú ọkọ̀. Ó di táyà náà wàrà-wàrà débi pé nọ́ọ̀tì kan ṣì wà lọ́wọ́ mi títí dòní, mo fi sórí tábìlì mi. Nọ́ńbà 207.

Àbúrò OlójúẸyẹ, Gàá Àkàǹbí lo wà, ìsédò Àgbá ò jìnnà sí ọ. Lọ wo ẹyẹ tó ń rìn lórí ewé omi, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Jacana. Akọ ló ń sàba, akọ ló ń tọ́mọ. Bí ewu bá dé, á gbá àwọn ọmọ sábẹ́ apá méjèèjì, á máa sá lọ, ẹsẹ̀ wọn á máa rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n máa lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

OlójúẸyẹ

Ẹ̀gbọ́n, òun gan-an ni 152 mi!

Kòlápọ̀77

Ẹ ǹlẹ́ níbí o. Ẹni tó rí agbe yẹn, apá ibo gan-an lẹ́bàá odò? Mo ní oníbàárà tó ń wá ìyẹ́ rẹ̀. Bí odindi bá wà, màá rà á. Owó gidi ni o.

Alábòójútó

Mo ti yọ ẹni yìí kúrò láàárín wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀, kí gbogbo yín lè rí ìdí tí mo fi máa ń pariwo pé ẹ má dárúkọ igi, ẹ má dárúkọ òkúta, ẹ má sì sọ ìtẹ́ rárá. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lábẹ́ CITES, àdéhùn lórí òwò ẹranko àti ewéko inú ìgbẹ́, pé kí wọ́n fòpin sí òwò ayékòótọ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ẹ ẹ́ ṣì rí èyí tí wọ́n há mọ́ inú àgò. OlójúẸyẹ, igi ọ̀pọ̀tọ́ yẹn pọ̀ jù lẹ́nu rẹ.

OlójúẸyẹ

Ẹ má bínú, inú dídùn ló fà á. Igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà lẹ́bàá odò yẹn kì í ṣe ọ̀kan, kò ní mọ èyí tó máa jókòó tì. Ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ọmọ_Tanke

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sórí BirdLasser, áàpù tí a fi ń kọ ẹyẹ sílẹ̀ lórí fóònù, dípò ibí; òun ni wọ́n ń lò fún Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ yíya máàpù ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní ìbú, 9 ní òró. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí nínú rẹ̀ lẹ ó kọ, títí kan kannakánná tó ń jí ọṣẹ. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì rìn dé níye lórí ju ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n lọ, ibẹ̀ sì pọ̀ ní Kwara wa yìí.

Ẹsẹ̀_Ò_Gbélé

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí 63 àti 153, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa Phoebe Snetsinger? Obìnrin ará Amẹ́ríkà. Ní 1981, dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ tó wà lára rẹ̀ ò ní jẹ́ kó pẹ́ láyé. Kò jókòó de ikú. Ó gbé awò rẹ̀, ó ń yí ayé ká, ẹyẹ tó rí lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Jẹjẹrẹ yẹn kọ́ ló pa á o. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ni, ní Madagásíkà, 1999, níbi tó ti ń wá òmíràn.

Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni Ibadan Malimbe, ẹbí ẹ̀gà, dúdú àti pupa. Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, 1958 ni wọ́n fún un lórúkọ, iye tó kù ò sì pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbójú sókè nínú igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn n'Íbàdàn. Nígbà tó yọ, ọrùn mi ti gan, mi ò lè wolẹ̀ láti kọ ọ́ sínú ìwé.

Bàbá_Ìgbómìnà

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ! Ta ló ń bá a dáná?

Mo ti ń gbọ́ bí ọmọ ọmọ mi ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún mi. Ó ní kí èmi náà dá ìwé sílẹ̀. Mo ní kí ló tún kù tí èmi fẹ́ kọ́kọ́ rí, lẹ́ni ọdún 78? Ó ní kí n ṣáà máa ka àwọn tí mo mọ̀. Mo ń kà, ó ń kọ: àparò, ẹtù, àkókó, àdàbà, ìbákà, àtíòro, ẹ̀lúùlú tó ń pe òjò. A dé orí igún, mo dákẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ta ló ń ka igún sí ẹyẹ? Orí páànù ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ni wọ́n máa ń tò sí bí àgbààgbà tó wá ṣèpàdé. Òkò la fi ń lé wọn. Ìgbà tó yá, àwọn kan ń mú wọn tà fún oògùn, àwọn mìíràn jẹ májèlé tí wọ́n fi sára òkú ẹran. Mi ò mọ ọjọ́ tí mo rí wọn kẹ́yìn. Ẹni tó ń lọ kì í kúkú dágbére fún ẹni tó ń sọ ọ́ lókò.

Ọmọ_Tanke

Hooded Vulture nìyẹn, Bàbá. Ní 2015 ni wọ́n gbé e lọ sí ìsọ̀rí tó kẹ́yìn, àwọn tó kù díẹ̀ báyìí kí wọ́n parẹ́ nínú igbó.

Bàbá_Ìgbómìnà

Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ mi tán. Ọmọ yìí ló yára tẹ̀ ẹ́ lọ.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo ń yọ ẹ̀gbin kúrò lẹ́nu kànga, òjìji kan gba orí mi kọjá. Mo gbójú sókè. Orí pípá, ọrùn tó pọ́n, ìkọ́ ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́. Ó bà sórí igi gbígbẹ kan, mi ò ní sọ igi náà, ẹ ti kọ́ mi. Ìgbà tí ẹ ń jà lórí òtẹ́ẹ̀lì ló ti wà níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ò rí i rí. Ti òun, àkọ́rí ni. Tèmi ńkọ́? Kí là ń pe èyí tí èèyàn tún rí?

Alábòójútó

Bàbá, ẹ kọ ọ́ sí nọ́ńbà 1. Àyè ibẹ̀ ṣófo láti ìgbà tí a ti lé ẹyẹ òtẹ́ẹ̀lì kúrò.

Ìyẹ̀rú_Ọ̀kín

Ìwé tèmi nìyẹn!

Alfa_Sóbì

Bàbá, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ báyìí?

Bàbá_Ìgbómìnà

Ó wà níbẹ̀. Ó na apá méjèèjì, ó ń yáàrùn.

OlójúẸyẹ

Bàbá, ẹ fi ọ̀nà ilé yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mo ti wà ní gárééjì.

Alfa_Sóbì

Gba àyè kan sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ń ra wàrà lọ́wọ́, má jẹ́ kí dírẹ́bà ṣíná.